Omi Gbígbóná Ìlú Bath àti Àwọn Tí Ó Wò Sàn

Ní apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí odò Avon gbé ṣẹ́ kọ́rọ́ lẹ́sẹ̀ àwọn òkè kan, ni ìlú kan wà tí orúkọ rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ibi ìwẹ̀ lọ. Bath ni wọ́n ń pè é. Ìlú náà kò tóbi, kò ní èbúté ọkọ̀ òkun, kò sì sí wúrà nínú ilẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ó sọ ọ́ di ìlú ni omi gbígbóná tí ń sun láti inú ilẹ̀ ní ojú mẹ́ta, tọ̀sán tòru, tẹ̀ẹ̀rùn tòjò, láìsí ẹni tí ó dáná sí i. Èyí tí ó tóbi jù nínú àwọn ìsun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí wọ́n ń pè ní Ìsun Ọba, ń tú omi tí ó ju lítà 1,100,000 lọ jáde lójoojúmọ́, gbígbóná rẹ̀ sì tó ìwọ̀n 46 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìyá tí ó ti po omi ìwẹ̀ fún ọmọ titun rí yóò mọ̀ pé èyí gbóná kọjá ohun tí a lè gbé ọmọ sí.

Òkìkí Bath nínú ìwé àti lẹ́nu ènìyàn ti ọwọ́ àwọn ọba, ìjòyè àti olówó wá, àwọn tí ó ń ti ọ̀nà jíjìn wá síbẹ̀ láti sinmi, láti ta tẹ́tẹ́ àti láti jó. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá bèèrè àwọn tí omi náà wò sàn ní ti òdodo, tí ẹ̀rí sì wà fún un, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni ìwé àkọsílẹ̀ ń tọ́ka sí. Ìtàn àwọn méjèèjì ni ó yẹ kí a kà pọ̀, nítorí pé omi kan náà ni ó pa wọ́n pọ̀.

Òjò ni omi náà tẹ́lẹ̀ rí. Èrò àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ni pé orí àwọn òkè Mendip, tí ó wà ní ìhà gúúsù ìlú náà, ni òjò náà ti rọ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ó wọ inú òkúta ibẹ̀, irú òkúta tí a ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò, ó sì ń rá lọ sí ìsàlẹ̀ títí ó fi jìn ju máìlì kan ààbọ̀ lọ. Níbẹ̀ ni ooru inú ilẹ̀ ti mú un gbóná. Nígbà tí ó sì rí ojú ibi tí àpáta ti sán, ó gba ibẹ̀ gòkè wá, ó sì gbé iyọ̀ àti oríṣìíríṣìí èròjà inú òkúta dání. Ìdí nìyí tí adùn rẹ̀ kò fi jọ ti omi odò, tí àwọn tí ó bá kọ́kọ́ mu ún sì máa ń fajú ro.

Kí àwọn ọmọ-ogun Róòmù tó gòkè sí erékùṣù náà ní ọdún 43 lẹ́yìn ìbí Kristi, àwọn onílẹ̀ ti ń bọ ìsun yìí. Òrìṣà obìnrin kan ni wọ́n gbà pé ó ni ín, Sulis ni orúkọ rẹ̀; ẹni tí ó bá sì mọ bí àwọn ará Òṣogbo ti ń ṣe sí Òṣun kò ní í ka èyí sí ohun àjèjì. Àwọn ará Róòmù kò lé òrìṣà náà kúrò nílé rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ìlú tí a fi idà gbà kò ṣeé fi idà nìkan ṣàkóso, nítorí náà wọ́n so Sulis pọ̀ mọ́ Minerva, òrìṣà ọgbọ́n tiwọn, wọ́n sì ń pe àwọn méjèèjì pọ̀ bí ẹni ń pe ẹnìkan ṣoṣo. Láàrin ọdún 60 sí 70 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ tẹ́ńpìlì fún un. Wọ́n mọ odi yí ojú ìsun ká, wọ́n fa omi rẹ̀ lọ sínú àwọn ilé ìwẹ̀, wọ́n sì fi awẹ́ òjé pẹlẹbẹ 45 tẹ́ ìsàlẹ̀ adágún ńlá tí ó wà láàrin wọn. Láti inú àwọn òkè Mendip kan náà ni wọ́n ti ń wa òjé náà. Kí òǹkàwé fi òjé yìí sọ́kàn, nítorí pé yóò tún padà wá sínú ìtàn yìí.

Ìlú náà ń jẹ́ Aquae Sulis, èyí tí í ṣe Omi Sulis. Ológun, oníṣòwò àti arìnrìn-àjò ń wá síbẹ̀ láti ìlú òkèèrè. Owó wẹ́wẹ́ tí wọ́n sọ sínú ìsun náà fún òrìṣà, tí wọ́n sì wà jáde lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rúndún, ju 12,000 lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó níye lórí jù fún òpìtàn kì í ṣe owó, bí kò ṣe èpè. Ní ọdún 1979 àti 1980, àwọn awalẹ̀ rí nǹkan bí 130 awẹ́ òjé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ìsun, tí wọ́n ti ká tàbí ṣẹ́ po. Nígbà tí wọ́n tú wọn, wọ́n bá ọ̀rọ̀ tí a fi irin ṣóńṣó họ sí wọn lára. Ẹ̀bẹ̀ ni, àti ẹjọ́ rírò níwájú òrìṣà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì dá lórí olè. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Docimedis pàdánù ìbọ̀wọ́ méjì. Ó bẹ òrìṣà pé kí ẹni tí ó jí i pàdánù iyè àti ojú rẹ̀. Ẹlòmíràn pàdánù agbádá òtútù, ẹlòmíràn aṣọ ìwẹ̀, ẹlòmíràn owó fàdákà díẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ to orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n fura sí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí òrìṣà má baà ṣì í mú. Gbólóhùn kan sì ń hàn nínú wọn léraléra: ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, ìbáà ṣe ẹrú tàbí òmìnira.

Èpè wọ̀nyí fi hàn pé kì í ṣe àwọn ènìyàn ńlá nìkan ni ó ń wọ inú omi náà. Olówó ní ẹrú tí ń jókòó ti aṣọ rẹ̀ bí ó bá ń wẹ̀. Ẹni tí yóò bá òrìṣà rojọ́ nítorí ìbọ̀wọ́ méjì, kò ní ẹni tí yóò bá a ṣọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni kò ní òmíràn nílé. Nínú gbogbo àkọsílẹ̀ tí ó ti ìlú Bath jáde láti ìgbà náà títí di òní, ó ṣòro láti rí èyí tí ohùn mẹ̀kúnnù ti dún ketekete tó báyìí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún karùn-ún, agbára Róòmù kúrò ní erékùṣù náà. Ẹrẹ̀ bo ilé ìwẹ̀, òrùlé wó lulẹ̀, koríko hù lórí rẹ̀. Omi kò dúró. Àwọn mọ́ńkì kọ́ ilé ìsìn sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti dé Edgar ládé ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 973. Ní nǹkan bí ọdún 1090, Bíṣọ́ọ̀bù John, ará Tours, ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ oníṣègùn rí, gbé àga rẹ̀ wá sí Bath. Nígbà tí ọ̀rúndún kejìlá sì bẹ̀rẹ̀, adágún ìwẹ̀ tuntun ti wà lórí àwókù ti Róòmù láìjẹ́ pé àwọn tí ń wẹ̀ nínú rẹ̀ mọ ohun tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Láti ìgbà náà ni àwọn aláìsàn tí kò ní olùrànlọ́wọ́ ti ń rọ́ wá. Arọ ń wọ́ wá, afọ́jú ń di ọ̀pá mú wá, ẹni tí làkúrègbé ti gan ní oríkèé ń jókòó sínú omi láti òwúrọ̀. Nígbà tí ìjọba Ọba Henry Kẹjọ fọ́ ilé àwọn mọ́ńkì túká ní ọdún 1539, àwọn tí ń fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní oúnjẹ tú ká pẹ̀lú. Wọ́n wá di alágbe ní ìgboro, àwọn onílé sì ń kùn. Ní ọdún 1572, ìgbìmọ̀ aṣòfin pa á láṣẹ pé tálákà aláìsàn kò gbọdọ̀ lọ sí Bath tàbí sí Buxton, ìlú omi mìíràn, àfi bí adájọ́ ìlú méjì bá fún un ní ìwé. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí ni Ọbabìnrin Elizabeth wá bẹ ìlú náà wò. Òun kò nílò ìwé.

Ẹ má ṣe rò pé adágún náà mọ́ ní ìgbà náà. Gbogbo ènìyàn ni ó ń wọ inú rẹ̀ papọ̀, ọkùnrin, obìnrin, aláàbọ̀ ara àti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Samuel Pepys, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ìwé ìrántí ojoojúmọ́ rẹ̀ sọ di olókìkí, wẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1668; ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kò lè jẹ́ ohun tí ó mọ́ kí ara ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ́ẹ̀ wà nínú omi kan náà. Síbẹ̀ òun pẹ̀lú wẹ̀, ó sì pẹ́ nínú rẹ̀.

Ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́yìn èyí ni omi Bath wọ inú ọ̀ràn ìjọba. Mary ará Modena, aya Ọba James Kejì, ti bímọ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó dúró. Ní ọdún 1687 ó lọ sí Bath, ó wẹ̀ nínú adágún kékeré tí wọ́n ń pè ní Cross Bath, kò sì pẹ́ tí ó fi lóyún. Ọmọkùnrin ni ó bí ní oṣù kẹfà ọdún 1688. Inú àwọn ẹlẹ́sìn Kátólíìkì dùn, wọ́n gbé òpó ẹlẹ́wà kan nàró sínú adágún náà fún ọpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè tí ó ti ń fara da ọba nítorí pé kò ní àrólé ọkùnrin rí i pé ìjọba Kátólíìkì kò ní í parí mọ́. Kí ọdún náà tó tán, wọ́n ti ké sí William ará Orange láti ilẹ̀ Dọ́ọ̀ṣì, ọba sì ti sá pẹ̀lú aya àti ọmọ. Ohun tí àwọn kan ń dúpẹ́ fún lẹ́bàá omi ni àwọn mìíràn fi gba adé.

Nígbà tí Ọbabìnrin Anne wá sí Bath ní ọdún 1702, tí ó sì tún wá ní ọdún 1703, àwọn ọlọ́lá tẹ̀lé e wá bí eṣinṣin ti ń tẹ̀lé ẹlẹ́mu. Ìlú náà kò tíì gbaradì fún wọn. Yàrá rẹ̀ dọ̀tí, ojú ọ̀nà rẹ̀ kò dára, àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́lá sì ń fi idà bá ara wọn jà nítorí tẹ́tẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1705 ni Richard Nash dé. Ọmọ Swansea ni, wọ́n bí i ní ọdún 1674. Kò parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Oxford, kò dúró nínú iṣẹ́ ológun, kò sì ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò tí ó kọ́ dé ibì kan. Tẹ́tẹ́ ni ó ń jẹ. Nígbà tí wọ́n pa ẹni tí ń ṣe alága ayẹyẹ ìlú náà nínú ìjà onídà, Nash gba ipò rẹ̀, ó sì jókòó sí i fún ọdún tí ó ju àádọ́ta lọ. Fìlà funfun ni ó máa ń dé. Láìní oyè, láìní ilẹ̀, láìní ọmọ-ogun, ó fi ẹnu lásán ṣe ọba lórí àwọn tí wọ́n bí sínú ọlá.

Ó kọ́kọ́ gba idà lọ́wọ́ wọn: kò sí ẹni tí yóò fi idà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ìlú mọ́. Ó ní kí àwọn ọkùnrin má ṣe wọ bàtà ẹṣin wá sí ibi ijó. Nígbà tí ìyàwó Mọ́gàjí ńlá kan, Duchess ti Queensberry, wọ aṣọ ìbàǹtẹ́ funfun wá, wọ́n ní Nash tú u kúrò lára rẹ̀ ní gbangba, ó sì sọ ọ́ sáàrin àwọn ìránṣẹ́bìnrin. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni ijó gbọ́dọ̀ dúró. Bí Ọmọbìnrin Ọba Amelia ti bẹ̀ ẹ́ tó fún ijó kan péré sí i, kò gbà. Àti ọlọ́lá àti oníṣòwò tí ó lówó, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà kí ara wọn nínú gbọ̀ngàn rẹ̀. Ní ilẹ̀ tí ènìyàn ti ń wo ìran ẹni kí ó tó kí ẹni, èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Bí ọjọ́ àwọn àlejò ti ń lọ nìyí. Ní kùtùkùtù, àwọn aláàárù á fi àga tí a bò gbé wọn láti ibùsùn wọn lọ sí adágún. Wọ́n á wọ aṣọ líle tí kò lẹ̀ mọ́ ara, wọ́n á jókòó sínú omi dé ọrùn. Lẹ́yìn náà wọ́n á lọ sí Pump Room, ilé mímu omi tí wọ́n ṣí ní ọdún 1706, wọ́n á mu ife mẹ́ta bí oníṣègùn ti wí, tí àwọn olórin yóò sì máa lù fún wọn. Lẹ́yìn èyí ni ilé ìsìn, ìrìn gbẹ̀fẹ́, àríyá oníṣẹ́jú díẹ̀, àti nígbẹ̀yìn tẹ́tẹ́ títí. Nínú gbogbo wákàtí ọjọ́ náà, ti omi kò tó mẹ́ta. Àwọn tí ó ṣàìsàn nínú wọn, ẹsẹ̀ wíwú tí oúnjẹ àjẹjù àti wáìnì ń fà ni ó ń bá ọ̀pọ̀ wọn jà, wọ́n sì ń fi òru mu ohun tí wọ́n fi òwúrọ̀ wẹ̀ dànù. Nash fúnra rẹ̀ kò jàǹfààní rẹ̀ títí dé òpin. Òfin ọdún 1739 àti ti 1745 ka oríṣi tẹ́tẹ́ tí ó ti ń rí owó léèwọ̀. Ó di arúgbó tí ń gba gínì mẹ́wàá lóṣù lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìlú. Ó kú ní ọdún 1761, wọ́n sì sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ.

Ìlú tí àwọn àlejò wọ̀nyí ń gbé kò jọ ti àtijọ́ mọ́. Ralph Allen, ẹni tí ó fi iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ di ọlọ́rọ̀, ra ibi ìwakùsà òkúta lórí Combe Down. Òkúta aláwọ̀ oyin tí ó ń ti ibẹ̀ jáde ni John Wood àgbà àti ọmọ rẹ̀ tí ń jẹ́ orúkọ kan náà fi kọ́ ìlú tuntun. Bàbá fi ìpìlẹ̀ Circus, ilé tí a kọ́ ní róbótó, lélẹ̀ ní ọdún 1754, ó sì kú ní ọdún náà. Ọmọ parí rẹ̀, ó sì tún kọ́ Royal Crescent láàrin ọdún 1767 sí 1774, ọgbọ̀n ilé tí ó tò bí òṣùpá ọ̀sán. Ẹni tí ó bá rí i kò ní í ṣàì yìn ín.

Ṣùgbọ́n ilé kò dédé dìde, owó ni a fi ń kọ́ ọ. Bristol kò ju nǹkan bí máìlì méjìlá lọ sí Bath; ní àárín ọdún 1730 sí 1740, ó wà lára àwọn èbúté tí ó tóbi jù nínú òwò ẹrú ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ rẹ̀ ń wá sí Bonny àti Calabar, ó ń kó ènìyàn lọ sí Jàmáíkà, Barbados àti Nevis, ó sì ń kó ṣúgà padà. Àwọn tí ó ni oko ìrèké níbẹ̀, àti àwọn tí ó ni ọkọ̀, wà lára àwọn tí ń háyà ilé ní Bath fún ìgbà òtútù, tí ń ra ilé níbẹ̀, tí ń fi ọmọbìnrin wọn fọ́kọ níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo owó Bath ni ó ti inú ẹrú wá, àṣejù ni yóò jẹ́ bí ẹnikẹ́ni bá wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá ka iye òpó tí ó wà ní iwájú Royal Crescent, ó yẹ kí ó rántí pé àwọn kan ń gé ìrèké kí àwọn kan tó lè jókòó sínú omi gbígbóná. William Beckford ni àpẹẹrẹ tí ó hàn jù. Oko ìrèké àti ẹrú Jàmáíkà ni bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Òun fúnra rẹ̀ kò fi ẹsẹ̀ tẹ Jàmáíkà rí. Nígbà tí ó ná owó náà dé ibi tí ó fi ta ilé ńlá rẹ̀ ní Fonthill, Bath ni ó wá fi ṣe ibùgbé ní ọdún 1822, ó sì kọ́ ilé ìṣọ́ gíga kan sórí òkè Lansdown, tí ó ṣì wà níbẹ̀. Ìlú yìí kan náà ni William Wilberforce, ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún bá òwò ẹrú jà nínú ilé aṣòfin, ti gbé ìyàwó ní ọdún 1797. Omi kò ní ọ̀tá. Ẹni tí ń ta ènìyàn àti ẹni tí ń dá a dúró, ife kan náà ni wọ́n fi ń mu ún.

Nínú gbogbo afẹ́ yìí, àwọn tálákà aláìsàn kò yé wá. Àwọn ọlọ́rọ̀ kò fẹ́ máa rí wọn lójú pópó, àwọn onínú rere sì káàánú wọn. Ìdí méjèèjì yìí ni ó pàdé tí wọ́n fi kọ́ ilé ìwòsàn fún wọn. Nash fi fìlà rẹ̀ tọrọ owó, Allen fúnni ní òkúta lọ́fẹ̀ẹ́, Wood àgbà ya àwòrán ilé láìgba owó. Òfin dá a sílẹ̀ ní ọdún 1739, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1742. Ẹni tí a óò gbà síbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ìta ìlú Bath wá, pẹ̀lú ìwé oníṣègùn agbègbè rẹ̀, kí ó sì fi pọ́n-ùn mẹ́ta sílẹ̀: owó tí wọn yóò fi dá a padà sílé bí ó bá yè, tàbí tí wọn yóò fi sin ín bí ó bá kú. Wọ́n á fi àmì idẹ kọ́ ọ láyà kí gbogbo ènìyàn lè dá a mọ̀, kí ẹlẹ́mu má sì tà fún un. Ìtìjú wà nínú èyí, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí wọ́n wẹ̀ lóòótọ́, kí wọ́n jẹun ní àsìkò, kí wọ́n má sì mutí.

Ohun mìíràn tún wà tí ilé ìwòsàn náà ṣe, tí oníṣègùn àwọn ọlọ́rọ̀ kò ṣe: ó ń kọ ìwé. Bí aláìsàn kọ̀ọ̀kan bá ń lọ, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ó sàn pátápátá, bóyá ó sàn díẹ̀, bóyá kò sàn, tàbí ó kú. Olówó tí ó ń san owó fún oníṣègùn, ta ni yóò kọ ọ́ pé kò sàn? Àwòrán kan tí William Hoare yà ní ọdún 1761 ṣì wà, níbi tí Dókítà William Oliver àti oníṣẹ́ abẹ Jerry Peirce gbé ń yẹ aláìsàn mẹ́ta wò: ẹlẹ́gbà, onílàkúrègbé, àti ẹni tí àrùn ti jẹ ní awọ. Àwọn dókítà ni ó wọ aṣọ dáradára nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú àwọn aláìsàn ni ènìyàn ń wò.

Nínú àwọn ìwé náà, ẹgbẹ́ kan hàn gbangba tí ó ń sàn ju àwọn yòókù lọ. Àwọn ẹlẹ́gbà ni, pàápàá jù lọ àwọn akunlé, àwọn oníṣẹ́ ọ̀pá omi, àwọn amọ̀kòkò tí ń lo ohun ìdán òjé, àti àwọn ará Devon tí ń mu ọtí èso ápù tí òjé ti wọ̀ láti ara ohun èlò ìfúntí. Òjé ti wọ ara wọn. Inú ń run wọ́n, wọn kò lè ṣu, ọwọ́ wọn sì rọ láti ọrùn ọwọ́ débi pé wọn kò lè gbé ṣíbí mọ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá, òjé ni ẹ̀gbà ọwọ́ àwọn olùsìn Ọbàtálá, ohun mímọ́ sì ni. Inú ara ènìyàn ni kò yẹ kí ó dé. Wọ́n ń gbé irú àwọn ènìyàn báyìí wá lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn padà sílé lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Rice Charleton, oníṣègùn ilé náà, tẹ àkọsílẹ̀ wọn jáde fún gbogbo ayé láti kà.

Fún igba ọdún, ọ̀pọ̀ dókítà rò pé ìtàn àtijọ́ lásán ni. Ní àárín ọdún 1980 sí 1990, àwọn oníṣègùn ní Bristol dán an wò. Wọ́n gbé àwọn ènìyàn sínú omi gbígbóná dé ọrùn, wọ́n sì wọn ìtọ̀ wọn. Wọ́n rí i pé bí omi ti ń tẹ ara láti ẹsẹ̀ wá sókè, ó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí àyà; kíndìnrín á gbà pé omi ara ti pọ̀ jù, á sì máa tọ̀ ọ́ dànù, òjé á sì bá a jáde ju ti ìgbà tí ènìyàn bá jókòó lásán lọ. Ó ṣe é ṣe kí omi mìíràn tí ó gbóná bákan náà ṣe iṣẹ́ yìí. Jíjìnnà sí òjé fún ọ̀pọ̀ oṣù pẹ̀lú sì ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tálákà wọ̀nyí kò purọ́, ìwé wọn kò sì purọ́. Lára adágún tí àwọn ará Róòmù fi òjé tẹ́ nísàlẹ̀ ni ìlú yìí ti di ibi tí òjé ń gbé jáde kúrò lára ènìyàn.

Kí ọ̀rúndún kejìdínlógún tó parí, àṣà ti yí padà. Àwọn ọlọ́lá ti ń lọ sí etí òkun ní Brighton, Bath sì di ibi tí arúgbó àti òṣìṣẹ́ ológun tí ó fẹ̀yìntì ń gbé. Jane Austen, òǹkọ̀wé, gbé níbẹ̀ láti ọdún 1801 sí 1806, kò sì jọ pé ìlú náà wù ú. Láàrin ọdún 1878 sí 1880 ni Charles Davis, ayàwòrán ilé ìlú náà, tọ ipasẹ̀ omi tí ń jò, ó sì ṣí adágún ńlá ti Róòmù payá. Àlejò tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá, láti wo ohun tí ó ti kú.

Ní ọdún 1936 àlejò kan dé tí kò wá ṣe afẹ́. Àwọn ọmọ-ogun Ítálì ti gba Etiópíà, Olú-Ọba Haile Selassie sì di ìsáǹsá. Ó wá sí Bath fún omi náà, ara ìlú ṣe é dáradára, ó sì ra ilé kan níbẹ̀, Fairfield House. Ibẹ̀ ni òun àti ìdílé rẹ̀ gbé nínú òtútù àti àìlówó tó títí di ọdún 1940, tí ó fi gbéra lọ sí Sudan; ní ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún ọdún 1941 ó padà wọ Addis Ababa. Ó tún wá kí ìlú náà ní ọdún 1954, ní ọdún 1958 ó sì fi ilé náà ta ìlú lọ́rẹ fún àwọn arúgbó. Lára àwọn tí ó ti ń jẹ àǹfààní ẹ̀bùn náà láti ìgbà tí ó ti pẹ́ ni àwọn àgbàlagbà tí ó ti àwọn erékùṣù Karibíà wá, ọmọ-ọmọ àwọn tí ọkọ̀ Bristol kó.

Bọ́ǹbù Jámánì pa èèyàn tí ó ju irinwó lọ ní Bath láàrin òru mélòó kan ní oṣù kẹrin ọdún 1942. Nígbà tí ìjọba dá ètò ìlera gbogbogbòò sílẹ̀ ní ọdún 1948, ìtọ́jú inú omi gbígbóná wà lára ohun tí aláìsàn lè rí gbà láìsan kọ́bọ̀, ìbáà jẹ́ akunlé tàbí adájọ́. Irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà Sulis. Ní ọdún 1976 ìjọba dá owó rẹ̀ dúró. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin kan tí ó lúwẹ̀ẹ́ nínú omi náà kó kòkòrò tíntìntín kan tí í máa jẹ ọpọlọ, ó sì kú. Wọ́n ti gbogbo adágún. Kànga tuntun tí wọ́n gbẹ́ jìn kọjá ibi tí kòkòrò náà wà ni ó jẹ́ kí omi tún ṣeé lò, ṣùgbọ́n ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kọjá kí gbogbo ènìyàn tó tún lè wẹ̀ nínú rẹ̀.

Ilé ìwẹ̀ tuntun ṣí ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, lẹ́yìn ìdádúró àti ìnáwó tí ó mú kí ìgbìmọ̀ ìlú àti àwọn kọ́lékọ́lé máa bá ara wọn ṣẹjọ́. Adágún kan wà lórí òrùlé rẹ̀ níbi tí ènìyàn ti lè wo gbogbo ìlú bí ó ti ń wẹ̀, bí ó bá ti san owó ìwọlé. Ní ọdún 2021, àjọ UNESCO ka Bath mọ́ ìlú omi gbígbóná mọ́kànlá tí ó ga jù ní ilẹ̀ Yúróòpù, lẹ́yìn tí ó ti kọ́kọ́ gba orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀ ní ọdún 1987. Ní ọdún 2019, àwọn aláìsàn tí ó kẹ́yìn kúrò nínú ilé tí Wood kọ́ fún àwọn tálákà. Wọ́n ti ta ilé náà fún ẹni tí ó fẹ́ sọ ọ́ di hòtẹ́ẹ̀lì. Èyí tí ó ṣẹ́kù nínú omi náà lójoojúmọ́ ń gba ojú àgbàrá tí àwọn ará Róòmù fi òkúta mọ, ó sì ń ṣàn lọ sínú odò Avon.